Kí ló dé tí àwọn tó ti pẹ́ lórí Linux kì í fi desktop àtijọ́ tó fúyẹ́ sílẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tẹ̀wé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi tú u palẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi yìí kì í ṣe kékeré: RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB, SSD ló wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí rẹ̀, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Pánẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nísàlẹ̀, ménù wà ní igun ọwọ́ òsì, orúkọ fèrèsé kọ̀ọ̀kan tó wà ní ṣíṣí tò tẹ̀ léra wọn, aago sì wà ní igun ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí ohunkóhun tó ń fò sókè tàbí tó ń yọ́ jáde láti ẹ̀gbẹ́. Ó rí gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà tí mo máa ń rí ní ọ́fíìsì bàbá mi nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Xfce ni orúkọ desktop náà, ìyẹn ohun tó ń to ménù, pánẹ́ẹ̀lì àti fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux.

GNOME, desktop mìíràn tó bá Ubuntu (ọ̀kan lára oríṣi Linux) wá, ni mò ń lò lórí láptọ́ọ̀pù tèmi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo bi ọ̀gá mi léèrè ìdí tí wọn kò fi gbé èyí tó jẹ́ tuntun sórí ẹ̀rọ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Èsì tí wọ́n fún mi kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ibi tí mo fi nǹkan sí ni mo fẹ́ bá a.” Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣàkíyèsí pé àwọn mẹ́ta mìíràn tí mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ Linux yékéyéké náà kò lo ohun tuntun: ọ̀kan wà lórí MATE, ọ̀kan wà lórí LXQt, ẹnì kẹta sì wà lórí IceWM. Ṣé àìrówó ra ẹ̀rọ ló fà á ni, àbí ohun kan wà tí ojú tèmi kò tíì rí?

Ọmọ Ìpẹ̀rù

Èmi rò pé RAM ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ní 4GB ni mò ń lò. Mo gbé GNOME sórí rẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, mi ò ṣí ohunkóhun, mo tẹ free -h láti wo RAM tó ti lò, ó ti jẹ tó 1.3GB. Mo gbé Xfce sórí ẹ̀rọ kan náà, ó jẹ nǹkan bí 650MB. Ẹni tó ní 16GB lè má ka ìyàtọ̀ yẹn sí, àmọ́ ẹni tó ní 4GB, tó sì fẹ́ ṣí Firefox pẹ̀lú ojú-ewé mẹ́wàá àti LibreOffice lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàtọ̀ yẹn ló wà láàárín ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń mí gúlegúle.

Bàbá Olóbì, Ṣàgámù

Ọmọ Ìpẹ̀rù, òótọ́ lo sọ, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé RAM nìkan ni, àwa tí a ti ra ẹ̀rọ ńlá ìbá ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ sọ ni kókó, kí n sì sọ bí èmi náà ṣe kọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé owó ni mò ń bá àwọn oníṣòwò obì ṣe níbí ní Ṣàgámù. Láti ọdún 2005 ni mo ti ń fi Linux ṣe é, GNOME 2 ni mo sì ń lò. Kì í ṣe ohun tó lẹ́wà lọ títí, àmọ́ kò sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ọwọ́ mi kò mọ̀. Ménù wà lórí pánẹ́ẹ̀lì òkè, orúkọ àwọn fèrèsé wà lórí pánẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀. Bí oníbàárà bá dé láti Òkè Ọya, tó ń béèrè iye àpò gbànja tó gbé lóṣù tó kọjá àti iye tó kù lọ́rùn rẹ̀, mo lè máa wo ojú rẹ̀ kí a jọ máa sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi yóò sì ti dé orí ìwé rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2011 ni GNOME 3 jáde. Fedora, oríṣi Linux kan, gbé e wọlé nínú ẹ̀dà 15 lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mo sọ ẹ̀rọ mi di tuntun lálẹ́ ọjọ́ kan láìfòyà, nítorí pé mo ti ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé wọ́n ti tú ilé mi. Pánẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ ti pòórá. Bọ́tìnì tí a fi ń rẹ fèrèsé sílẹ̀ àti èyí tí a fi ń fẹ̀ ẹ́ kò sí lórí fèrèsé mọ́, èyí tí a fi ń pa á dé nìkan ló kù. Bí mo bá fẹ́ kúrò nínú ìwé kan bọ́ sínú òmíràn, mo ní láti gbé máọ̀sì lọ sí igun òkè lọ́wọ́ òsì, kí gbogbo fèrèsé fọ́n kálẹ̀ kí wọ́n sì sún kì, kí n wá máa fojú wá èyí tí mò ń fẹ́ láàárín mẹ́sàn-án tí wọ́n jọra bí ìbejì, nítorí pé ìwé ìṣirò ni gbogbo wọn. Oníbàárà mẹ́ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, tí a ti ń bá ara wa bọ̀ tipẹ́, bi mí bóyá ara mi kò yá ni.

Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa. Ẹni tó ti ń gbé yàrá kan fún ọdún mẹ́fà, bí wọ́n bá mú iná lọ lóru, kò ní forí gbá ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ á lọ tààrà síbi tí ìṣáná wà. Bí ẹnì kan bá wá ṣí àga àti ibùsùn nípò nígbà tó ń sùn, ó dájú pé yóò fẹsẹ̀ kọ, bó ti wù kí àga tí wọ́n gbé wọlé dára tó.

Kì í sì ṣe èmi nìkan ló kọlù. Linus Torvalds fúnra rẹ̀, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991, bu ẹnu àtẹ́ lu GNOME 3 ní gbangba lọ́dún náà, ó sì kó lọ sórí Xfce. Ọmọ Argentina kan tó ń lo Arch Linux gbé kóòdù GNOME 2 tí wọ́n ti pa tì, ó ń tọ́jú rẹ̀ lọ, ó sì sọ ọ́ ní MATE, orúkọ ewé tí wọ́n máa ń fi omi gbígbóná pò mu nílẹ̀ wọn. Àwọn tó ń ṣe Linux Mint ní tiwọn dá Cinnamon sílẹ̀. Ṣáájú àkókò yẹn, nígbà tí ẹ̀dà 4.0 ti KDE, desktop mìíràn, dé ní oṣù kìíní ọdún 2008, tó sì kó ìdààmú bá àwọn tó ń lo KDE 3.5, ẹ̀ka kan yà kúrò tí wọ́n ń pè ní Trinity. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àmọ́ àwa tí a wà nínú ilé náà nígbà tó ń jó kò lè gbàgbé.

Xfce ni mo sá lọ bá, n kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Olivier Fourdan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1996. Ẹ wo bó ṣe ń rìn: 4.12 jáde lọ́dún 2015, 4.14 lọ́dún 2019, 4.16 ní òpin ọdún 2020, 4.18 ní òpin ọdún 2022, 4.20 ní òpin ọdún 2024. Láàárín 4.12 sí 4.14, ìpìlẹ̀ tó dúró lé lórí látòkè délẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n mú un kúrò lórí GTK 2 bọ́ sórí GTK 3, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì fi ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo gba 4.14, mo jókòó, mo ṣí ìwé àkọ́kọ́, iṣẹ́ ń lọ. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ilé náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn wọn.

Olùkọ́ Ìlíṣàn

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. N kò ní jiyàn ohun tí ojú yín rí lọ́dún 2011, nítorí pé èmi náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, kí ọmọ yìí má baà fi etí kan gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ mẹ́nu kan Torvalds. Òun kan náà ti padà sórí GNOME nígbà tó fi máa di ọdún 2013, lẹ́yìn tó rí àwọn àfikún tó fi tún un ṣe sí bó ṣe fẹ́. Debian, oríṣi Linux mìíràn, náà mú Xfce gẹ́gẹ́ bí desktop tí wọn yóò kọ́kọ́ gbé fún ẹni tí kò bá yan òmíràn ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n dá a padà sí GNOME. Ọ̀kan pàtàkì lára ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìrọ̀rùn fún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ọ̀rọ̀ yìí kan mi gbọ̀ngbọ̀n. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Orca ló ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí i létí. Lórí GNOME, bó bá tẹ bọ́tìnì Super, Orca á sọ fún un ibi tó wà. Bó bá kọ orúkọ ohun tó ń wá, á gbọ́ ọ. Bó bá tẹ Enter, ohun náà ti ṣí. Lórí Xfce tí a kọ́kọ́ dán wò, ó dé ìdí pánẹ́ẹ̀lì, Orca dákẹ́, ọmọ náà sì ń tẹ Tab láìmọ ibi tó ń lọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni mo fi wò ó tí mo fi pinnu.

Ohun kejì ni ojú kọ̀ǹpútà òde òní, èyí tí àmì kéékèèké inú rẹ̀ (pixel) há pọ̀ débi pé lẹ́tà máa ń kéré bí ẹyin kòkòrò. GNOME àti KDE lè fẹ ohun gbogbo sí ìdá 125 tàbí 150 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó sì mọ́ kedere. Ibẹ̀ ni Xfce ti ń tiro.

Ibi kan tí mo gbà pẹ̀lú yín ni ti àwọn àfikún yẹn. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni GNOME máa ń jáde, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, kì í sì í pẹ́ tí ẹ̀dà tuntun bá dé tí àfikún kan tí ènìyàn gbọ́kàn lé yóò fi kọṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn máa ń dùn mí.

Ayàwòrán Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sórí iṣẹ́ ọwọ́. Fọ́tò ni mò ń yà. Bí Òjúde Ọba bá dé, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwòrán tí mo máa ń kó wálé kì í dín ní ẹgbẹ̀rún méjì: àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lóríṣiríṣi, àwọn ẹlẹ́ṣin, àwọn ìyá pẹ̀lú gèlè wọn. Orúkọ tí kámẹ́rà fún àwòrán kọ̀ọ̀kan kò ní ìtumọ̀, lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà lásán ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ti máa pè mí pé àwọn ń retí tiwọn.

Thunar, ètò ìtọ́jú fáìlì tó ń bá Xfce wá, ni mo fi ń tò wọ́n. Mo máa mú gbogbo àwòrán ẹgbẹ́ kan, mo máa tẹ F2, fèrèsé kan á sì ṣí tó pín sí ọ̀nà méjì: orúkọ àtijọ́ wà lọ́wọ́ òsì, orúkọ tuntun wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí mo ti ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà ni gbogbo apá ọ̀tún ń yí padà lójú mi, nọ́ńbà á sì tò láti 001 lọ, kí n tó fọwọ́ sí i rárá. Nautilus ti GNOME náà ti ní irú èyí, n kò ní parọ́ mọ́ ọn.

Ohun tó lé mi kúrò lọ́dọ̀ Nautilus ni F3. Láyé àtijọ́, bí mo bá tẹ F3, fèrèsé á pín sí méjì, fódà kámẹ́rà á wà lápá kan, fódà oníbàárà á wà lápá kejì, èmi á sì máa gbé àwòrán láti ìhín sí ọ̀hún. Lọ́dún 2012, nínú ẹ̀dà 3.6, wọ́n yọ ọ́. Wọ́n tún yọ ọ̀nà tí ènìyàn fi lè tẹ lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ orúkọ fáìlì kí ojú fò lọ síbẹ̀, wọ́n fi ìwákiri rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ní fáìlì mẹ́wàá kò ní mọ̀ pé ohun kan sọnù. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún méjì, tí oníbàárà ń dúró dè, mọ̀ ọ́n. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Linux Mint fi ya Nemo kúrò lára Nautilus. Caja ti MATE kò sì yọ F3 nígbà kankan. Nígbà tí Xfce 4.18 gbé F3 wọ inú Thunar, mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Wọ́n fi kún tiwọn láìyọ ohunkóhun kúrò.

Ilé Àtúnṣe, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ wá bá, nítorí náà ibi tí mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Láti ìgbà tí àtìlẹ́yìn Windows 10 ti dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tí Windows 11 kò gbà nítorí pé kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, ń wọlé sọ́dọ̀ mi. Linux Mint oní-Xfce ni mo sábà máa ń gbé sórí rẹ̀. Kì í ṣe RAM ni mo fi ń yàn án. Mo ń yàn án torí pé ẹni tó ti ń lo Windows fún ọdún mẹ́wàá máa jókòó sídìí rẹ̀, á sì rí ménù níbi tó retí rẹ̀. Kì í pè mí lóru.

Àmọ́ ìdí tí èmi fúnra mi fi ń lò ó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, n kò sì tíì rí ẹni tó sọ ọ́ níbí. Ègé-ègé ni Xfce. Ẹni tó ń ṣàkóso fèrèsé dá wà, xfwm4 ni orúkọ rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì dá wà. Ohun tó ń ya àwòrán ẹ̀yìn dá wà, xfdesktop nìyẹn. Bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn tó kù á máa bá iṣẹ́ lọ. GNOME kò rí bẹ́ẹ̀. GNOME Shell ni pánẹ́ẹ̀lì, òun ni ménù, òun náà ló ń ṣàkóso fèrèsé, bó bá sì ṣubú lórí Wayland, ètò tuntun tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tí ènìyàn ṣí ló máa bá a lọ.

Mo rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Ìyá kan tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún àwọn ènìyàn pè mí ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́. Ojú ewé méjìlélógún ni wọ́n ti tẹ̀, wọn kò tíì fi pamọ́ láti àárọ̀, pánẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ sì ti pòórá lójijì. Ohùn wọn ti ń gbọ̀n. Mo ní, “Màmá, ẹ má pa ẹ̀rọ o. Ẹ tẹ Alt pẹ̀lú F2.” Àpótí kékeré kan yọ. Mo pe lẹ́tà xfce4-panel fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́, wọ́n tẹ Enter. Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀ lórí fóònù. Ìwé wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá bá wọn wí nípa fífi iṣẹ́ pamọ́.

Bákan náà, bí mo bá ra ẹ̀rọ mìíràn, mo kàn máa kó fódà xfce4 tó wà nínú .config láti orí èyí àtijọ́ ni. Bí mo bá tan ẹ̀rọ tuntun, pánẹ́ẹ̀lì mi, bọ́tìnì àdáṣe mi, gbogbo rẹ̀ ti jókòó sípò wọn. Mo ti ń kó fódà kan náà kiri láti orí ẹ̀rọ mẹ́ta.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ F3 yẹn àti ti ìyá tó ń tẹ̀wé là mí lójú. Àmọ́ ẹ má bínú bí mo bá tún bèèrè: ohun tí Bàbá sọ, ṣé kì í ṣe pé ó ti mọ́ wọn lára lásán? Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GNOME, igun òkè lọ́wọ́ òsì ni ọwọ́ tèmi mọ̀. Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá yí tèmi náà padà lọ́la, èmi náà á máa sọ ohun tí Bàbá ń sọ.

Bàbá Olóbì, Ṣàgámù

Ìbéèrè gidi lo bèèrè, inú mi sì dùn pé o bi í. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti mọ́ mi lára. Àmọ́ má fi “lásán” kún un. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí mò ń sọ ni ogún ọdún tí ọwọ́ mi fi kọ́ ibi tí nǹkan wà láìjẹ́ pé mo tún ń ronú sí i. Ohun ìní ni. Ẹni tó bá yí ilé náà padà láìbi mí ti gbà á lọ́wọ́ mi, kò sì ní san án padà.

O sọ pé bí wọ́n bá yí tìrẹ padà lọ́la, ìwọ náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí o wo ẹni tó ń kọ́lé kí o tó wo ilé. Àwọn tó ń ṣe àwọn desktop kékeré wọ̀nyí kò pọ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń tì wọ́n lẹ́yìn láti máa fi ohun tuntun hàn lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi desktop náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Mo gbà pé àìpọ̀ wọn yìí ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Olùkọ́ sọ nípa ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran gún mi ní kẹ́ṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, GNOME ni èmi náà ìbá gbé fún un. Wayland pẹ̀lú, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni Xfce ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lórí rẹ̀ nínú 4.20, wọ́n sì sọ fún wa pé ìdánwò ló ṣì jẹ́. X11, ètò àtijọ́ tí Wayland ń rọ́pò, ni mo ṣì ń lò. N kò bínú. Ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi pààrọ̀ GTK kò pa mí lára, mo sì lè dúró dè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Olùkọ́ Ìlíṣàn

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti dán MATE wò fún ọmọ náà láti àná, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa ilé tó dúró sójú kan. Orca ń ka pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dáadáa, ọmọ náà sì sọ fún mi pé òun fẹ́ràn pé ménù náà máa ń ka àwọn ohun inú rẹ̀ tẹ̀ léra bákan náà lójoojúmọ́. N kò tíì mú GNOME kúrò fún un o. Méjèèjì wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, òun ni yóò yàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Mo ti lo Xfce fún ọ̀sẹ̀ méjì báyìí ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà ni mò ń gbé máọ̀sì lọ sí igun òkè, tí ohunkóhun kì í sì í ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo rí i pé ọ̀sán ti pọ́n kí n tó rántí pé desktop kan tilẹ̀ wà lẹ́yìn iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Láptọ́ọ̀pù mi ṣì wà lórí GNOME, nítorí pé mo fẹ́ràn kí n máa fi ìka mẹ́ta wọ́ ojú iṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, àmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ti ọ̀gá mi ló tọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Ìwé ìkésíni lédè Yorùbá pọ̀ lọ́wọ́ wa ní àsìkò yìí, ọ̀gá mi sì ń da àmì ohùn kọ láti inú fáìlì kan tí wọ́n tọ́jú. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà láti gbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wọ Xfce?

Ilé Àtúnṣe, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ó wà, kò sì ṣòro. Ṣí Settings, wọ Keyboard, lọ sí Layout, yọ àmì tó wà níwájú lílo ètò gbogbogbòò (Use system defaults) kúrò. Fi òmíràn kún un: wá English (Nigeria) nínú àtòkọ náà, Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni wàá ti yan bọ́tìnì tí wàá fi máa bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì. Èmi yan Shift méjèèjì pa pọ̀. Lẹ́yìn náà, fi Keyboard Layouts kún pánẹ́ẹ̀lì, kí o lè máa rí èyí tó wà níbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ aago. Èyí tó o gbé síbẹ̀ lónìí, ibẹ̀ náà ni wàá ti bá a lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ó ti wọlé, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ìwé ìkésíni ìgbéyàwó kan tó ń lọ sí Òde-Rẹ́mọ ni mo fi dán an wò. Ọ̀gá mi gbé jígí wojú, wọ́n ka orúkọ ìyàwó lẹ́ẹ̀mejì láti rí i pé àmì orí rẹ̀ pé, wọ́n sì ní kí n tẹ ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà.